Ẹni Tó Di Sítíárìn Mú Kọ́ Ló Yẹ Kó Di Máìkì Mú

  Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀nà tó gbé wa dé Òkè Ọya kò kúrú. Ẹni tó gba Lọ́kọ́ja àti Okene kọjá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó gba Mokwa àti Jẹ́bà náà sì lè jẹ́rìí sí i. Ní ìparí sáà, bí a bá ti kó ara wa jọ tí a gba bọ́ọ̀sì méjì tàbí mẹ́ta lọ sílé, ọkàn òbí kì í balẹ̀ títí ọmọ yóò fi wọlé.

Àbá kan ti ń lọ láti ẹnu dé ẹnu láàrin wa. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ máa gba ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn onímọ́tò tó bá ní wokí-tokí nínú ọkọ̀ wọn nìkan, kí ọkọ̀ iwájú lè máa bá ọkọ̀ ẹ̀yìn sọ̀rọ̀. Mo fara mọ́ àbá yìí. Ṣùgbọ́n mo ní ohun kan láti fi kún un, òun ló sì mú mi gbé kálámù. Bí a bá gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí awakọ̀ ni yóò máa sọ̀rọ̀ sí i. Bí awakọ̀ bá ń wa ọkọ̀, tó tún ń sọ̀rọ̀, ohun tí a torí ààbò wá yóò di ohun tí yóò ṣe wá léṣe.

Kí ni wokí-tokí ọkọ̀ yìí gan-an? Kì í ṣe rédíò tí a fi ń gbọ́ orin àti ìròyìn. Àpótí kékeré kan ni, tí wọ́n fi ìdè irin dè mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Máìkì kan so mọ́ ọn, okùn rẹ̀ ká bí irun tí a lọ́, bọ́tìnnì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀pá éríálì wà lórí òrùlé ọkọ̀. Bí o bá tẹ bọ́tìnnì, ìwọ lò ń sọ̀rọ̀. Bí o bá fi í sílẹ̀, ìwọ lò ń gbọ́. O kò lè ṣe méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí a ń mú lọ́wọ́ kì í sábà ju wáàtì mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n ti inú ọkọ̀ sábà máa ń wà láàrin wáàtì 25 sí 50. Ìdí nìyí tí ohùn rẹ̀ fi ń rìn jìnnà.

Ohun èlò yìí kì í ṣe tuntun. Àwọn ọlọ́pàá ìlú Bayonne ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ní Amẹ́ríkà, ti ń fi irú rẹ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti inú ọkọ̀ ní 1933. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, àwọn ọlọ́pàá, àwọn panápaná àti Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ń lò ó. Àǹfààní rẹ̀ tó tóbi jù ni pé ọkọ̀ sí ọkọ̀ ló ń lọ, kò dúró de òpó àwọn onífóònù. Àwa tí a wà ní Òkè Ọya kò gbọdọ̀ fojú kéré ìyẹn. Ní oṣù karùn-ún 2013, fóònù kú ní Adamawa, Borno àti Yobe nígbà tí ìjọba kéde òfin pàjáwìrì. Ní oṣù kẹsàn-án 2021, ìjọba tún ní kí wọ́n ti fóònù pa ní Zamfara. Àní lọ́jọ́ tí nǹkan rọgbọ pàápàá, ibi pọ̀ lójú ọ̀nà tí fóònù kì í ti gbé. Nítorí náà, n kò bá wokí-tokí jà. Ọwọ́ tí yóò máa lò ó ni mo ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sá 90 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin mítà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Bí awakọ̀ bá wo ìsàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì láti wá máìkì tàbí láti yí ìkànnì, ọkọ̀ ti rin mítà 50 láìsí ojú tó ń wo ọ̀nà. Bí ó bá di ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, mítà 100 nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígùn pápá bọ́ọ̀lù. Ta ni kò mọ ohun tó lè wà láàrin mítà 100 ní ọ̀nà wa? Kòtò lè wà níbẹ̀, agbo màálù lè wà níbẹ̀, tírélà tó bàjẹ́ láti àná tí kò tan iná kankan lè dúró sí àárín ọ̀nà.

Ojú nìkan kọ́. Ọwọ́ ńkọ́? Máìkì ti gba ọwọ́ kan. Ọwọ́ kan tó kù ni yóò di sítíárìn mú, òun náà ni yóò yí jíà. Okùn máìkì lè kọ́ ọ̀pá jíà tàbí kó wé mọ́ sítíárìn nígbà tí awakọ̀ bá fẹ́ yà lójijì. Ọkàn ńkọ́? Èyí ló burú jù. Ojú awakọ̀ lè wà lọ́nà, kí ọkàn rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Yóò máa wo kòtò, kò ní rí i. Àwọn àgbà kò kúkú parọ́: ẹni tó ń lé eku méjì yóò pòfo.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ta ko ohun tí mo ń sọ. Wọ́n á ní, "Ṣebí àwọn ọlọ́pàá ń sọ̀rọ̀ sí i lójoojúmọ́? Wokí-tokí kì í ṣe fóònù." Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ orí wokí-tokí kì í gùn bíi ti fóònù, ènìyàn sì lè ju máìkì sílẹ̀ láìdágbére. Kódà, nígbà tí Bìrìtéènì ṣe òfin ní oṣù kejìlá 2003 pé awakọ̀ kò gbọdọ̀ mú fóònù lọ́wọ́, wọ́n yọ irú rédíò yìí sílẹ̀ nínú òfin náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ọgbọ́n wò ó. Ohun tí òfin kò kà léèwọ̀ lè pa ènìyàn síbẹ̀. Ní Bìrìtéènì kan náà, bí awakọ̀ kò bá lè káwọ́ ọkọ̀ rẹ̀ dáadáa nítorí rédíò, ó lè jẹ́jọ́ fún un. Ní ti àwọn ọlọ́pàá, ẹ wò wọ́n dáadáa: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọn, ènìyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló máa ń wà níbẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ronú sí. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ń rí ohun tí awakọ̀ ń rí. Bí tírélà bá yọ lójijì, òun fúnra rẹ̀ yóò pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní ọ́fíìsì onímọ́tò kò rí nǹkan kan. Ó jókòó sórí àga, fáànù ń fẹ́ sí i lára, ó ń pariwo pé, "Ibo lẹ dé? Ẹ dáhùn! Ẹ dáhùn!" lásìkò gan-an tí awakọ̀ ń gba àárín tírélà méjì kọjá. Nítorí náà, ẹ̀bi kì í ṣe ti awakọ̀ nìkan. Ẹni tó ń pè láti ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè bóyá ààyè wà, kó sì ní sùúrù bí a kò bá tètè dá a lóhùn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹlòmíràn yóò ní kí awakọ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kó tó dáhùn. Níbi tó bá ti ṣeé ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Àwọn ibì kan wà lójú ọ̀nà wa tí ẹni tó bá dúró níbẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà. Ibẹ̀ sì ni ibi tí a ti nílò wokí-tokí jù lọ. Èyí ló jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ ọn pé ẹni kejì ni ojútùú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí awakọ̀ gbájú mọ́ ọ̀nà, kí ẹni kejì gbájú mọ́ máìkì.

Ta ni kó jẹ́ ẹni kejì yìí? Mo dábàá pé kí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọ̀kan nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kó jẹ́ ẹni tí kì í sùn lójú ọ̀nà, tó mọ orúkọ àwọn ìlú tí a ń kọjá, tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kí ó ti kọ́ bí a ti ń lò ó nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà ní ìdúró. Ojú ọ̀nà kọ́ ni ibi ìkẹ́kọ̀ọ́. Bí awakọ̀ bá na ọwọ́ sí máìkì, kó fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín dáhùn." Bí ó bá jẹ́ Haúsá, ẹ fi "Don Allah" bẹ̀ ẹ́. Kò sí awakọ̀ rere tí yóò torí ìyẹn bínú.

Ọ̀nà tí a ń gbà sọ̀rọ̀ sí i kò le. Ronú ohun tí o fẹ́ sọ kí o tó tẹ bọ́tìnnì. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, dúró díẹ̀, bí ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ má bàa gé. Fi máìkì sí ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí ẹnu rẹ. Má ṣe pariwo, nítorí ariwo ń ba ohùn jẹ́ ni. Pe orúkọ ọkọ̀ tí ò ń bá sọ̀rọ̀, sọ orúkọ ọkọ̀ tìrẹ, sọ ibi tí ẹ wà àti ohun tó ṣẹlẹ̀, kí o sì fi bọ́tìnnì sílẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ tún un sọ padà, kí ó lè dájú pé kò ṣì ọ́ gbọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé títún ọ̀rọ̀ sọ jẹ́ àṣejù. Nínú ariwo ẹ́ńjìnnì, "méje" àti "mẹ́jọ" lè jọra. Àwọn òyìnbó náà mọ irú ìṣòro yìí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní Alpha, Bravo, Charlie, tí àwọn awakọ̀ òfuurufú káàkiri ayé ti ń lò láti 1956, tí wọ́n sì ń pe "nine" ní "niner" lórí afẹ́fẹ́. Àwa ọmọ Yorùbá ti mọ ọgbọ́n yìí láti ayébáyé. Onídùndún kì í fi orúkọ kúkúrú pe ènìyàn kó dákẹ́. Yóò fi oríkì gùn ún, kí ẹni tó wà lókèèrè má bàa ṣi ohùn ìlù gbọ́. Ohun tí ìlù ń ṣe náà ni kí a máa ṣe lórí wokí-tokí. Dípò "méje", ẹ sọ pé "méje, ẹyọ kan lé lórí mẹ́fà".

Ohun méjì ni kí ẹni kejì yìí ṣọ́ra fún gidigidi. Èkíní ni bọ́tìnnì tó há. Bí a bá ju máìkì sórí àga tí ẹnìkan sì jókòó lé e, bọ́tìnnì yóò wà ní títẹ̀. Gbogbo àròyé inú ọkọ̀ yóò máa jáde sórí afẹ́fẹ́, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn tí yóò rí àyè sọ̀rọ̀ lórí ìkànnì náà. Bí ọkọ̀ ẹ̀yìn bá wà nínú ewu lákòókò yẹn, ó ń ké lásán ni. Ibi ìkọ́ máìkì kò ṣe é gbàgbé: bí o bá sọ̀rọ̀ tán, gbé e kọ́.

Èkejì ni àṣírí. Etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn ní í jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ orí wokí-tokí lásán kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú yàrá. Ẹnikẹ́ni tó bá ní irú ẹ̀rọ náà tó sì wà lórí ìkànnì kan náà lè gbọ́. Má ṣe kéde pé akẹ́kọ̀ọ́ 40 ló wà nínú ọkọ̀, tàbí pé ẹ fẹ́ dúró jẹun níbi báyìí. Kí a ti fohùn ṣọ̀kan kí a tó kúrò nínú ọgbà lórí orúkọ tí a ó máa pe ibi kọ̀ọ̀kan, kí ó jẹ́ pé àwa nìkan ni yóò yé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tí wọ́n so pọ̀ lọ́nà àìtọ́ lè jóná kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ sí i. Láti ẹnu bátìrì gan-an ni ó yẹ kí wáyà rẹ̀ ti wá, kí fíúùsì sì wà nítòsí bátìrì. Níbi tí wáyà bá ti gba inú irin kọjá, kí rọ́bà bo ojú ihò náà, kí irin má bàa gé e. Ẹ bá mi kìlọ̀ fún àwọn rewáyà wa tó máa ń fi wáyà lásán rọ́pò fíúùsì tó jó. Nítorí kí fíúùsì lè jó dípò ọkọ̀ ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì ńlá ló ń lo fóltì 24, bẹ́ẹ̀ fóltì 12 ni ọ̀pọ̀ wokí-tokí ọkọ̀ ń fẹ́. Bí wọn kò bá fi ẹ̀rọ tó ń dín in kù sí àárín, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀ dáadáa, nítorí bí ọkọ̀ bá gbá bíréèkì lójijì, àpótí tí kò ní ìdè yóò fò lu ènìyàn bí òkò. Kò sì gbọdọ̀ wà níwájú àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń tú jáde bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan.

Ní ti éríálì, àárín òrùlé irin ló dára jù fún un. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé agbára tó ń ti ibẹ̀ jáde dà bíi ti ẹ̀rọ X-ray. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni pé kí ó mú ara gbóná bí ènìyàn bá sún mọ́ ọn jù nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀, ó sì lè jó ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Ìwé ìlò tó bá ẹ̀rọ wá ló ń sọ bí ènìyàn ṣe gbọdọ̀ jìnnà sí i tó. Nínú àwọn kan, fún ẹ̀rọ tó lágbára, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ni. Nítorí náà, bí àwọn ènìyàn bá fara ti ọkọ̀, tàbí tí kọ̀ńdọ́ bá gun òkè lọ di ẹrù, kí a má ṣe tẹ bọ́tìnnì.

Ibi méjì wà tí a gbọdọ̀ ti pa á pátápátá. Ọ̀kan ni ilé epo. Kí a má sì gbé kẹ́ẹ̀gì epo sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà, bí epo tilẹ̀ wọ́n. Bí ọkọ̀ bá ń lo gáàsì CNG tí ìjọba ti ń polongo láti 2023, ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ wà níbi tí sílíńdà gáàsì wà. Èkejì ni ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Àwọn ohun tí wọ́n fi ń tanná ran àdó olóró níbẹ̀ ń lo iná mànàmáná. Agbára éríálì lè sọ sínú wáyà wọn kó sì mú kí àdó náà bú láìtọ́jọ́. Bí ẹ bá rí pátákó tó ní kí ẹ pa rédíò, ẹ pa á.

Ìwé àṣẹ náà tún wà níbẹ̀. Àjọ NCC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, tó sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òfin ìbánisọ̀rọ̀ ti 2003, ló ń fúnni ní àṣẹ láti lo ìkànnì. Ní apá ibi tí a wà yìí, tí àwọn agbófinró ti ń fura sí ohun gbogbo, ẹni tí wọ́n bá bá irú ẹ̀rọ yìí lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí ìwé yóò ṣàlàyé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kí ẹgbẹ́ béèrè ìwé náà lọ́wọ́ onímọ́tò kí a tó san owó.

Ohun tí mo ń bẹ ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́ wa kò ju mẹ́rin lọ. Èkíní, kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé awakọ̀ kò ní máa sọ̀rọ̀ sí wokí-tokí nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Èkejì, kí wọ́n yan ọmọ ẹgbẹ́ kan fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ́ ọ. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n yẹ wáyà, fíúùsì, ìdè àti ìwé àṣẹ wò kí ọkọ̀ tó gbéra. Kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì níbi tí ọkọ̀ dúró sí, kí wọ́n wò ó bóyá iná bíréèkì tàbí ohun mìíràn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù yóò yí padà. Ẹ̀kẹrin, kí nọ́ńbà 122 ti Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó wà lára ògiri ọkọ̀, fún ibi tí fóònù bá ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí a gbàgbé pé ọ̀rọ̀ ààbò ojú pópó kò ṣàjèjì sí wa. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága àkọ́kọ́ fún àjọ ti gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1988. Iṣẹ́ tí àwọn tó ṣáájú wa ti bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ bàjẹ́ lọ́wọ́ wa. Bí ẹnìkan bá ní èrò tó ju tèmi lọ, kí ó kọ ọ́ wá sí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Níbi tí tèmi dé nìyí. A ó délé láyọ̀, a ó sì bá ilé láyọ̀. Àṣẹ.